Olùdámọ̀ràn, Ìgbàgbọ́ Rẹ̀, àti Ẹni tí Ó Jókòó Níwájú Rẹ̀

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ìdámọ̀ràn ti gba sùúrù tó, kí ó gbé àpẹẹrẹ yìí yẹ̀ wò. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti yunifásítì ni wọ́n rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òjòwò, nínú ìlú Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ó lọ fi iṣẹ́ olùdámọ̀ràn dánra wò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti lu aago ìparí ẹ̀kọ́, ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó lè la ẹnu. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohun tí ó sọ ni pé: “Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọkàn mi kì í fà sí obìnrin. Mo ti gbààwẹ̀, mo ti gbàdúrà, kò yí padà. Nígbà mìíràn, bí mo bá fẹ́ sùn, ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n má jí mọ́.”

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yìí a máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé akọ ni Ọlọ́run dá fún abo. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò fi ojú rere wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò wá gbọ́ ìwàásù, kò sì wá béèrè òfin. Ẹ̀mí rẹ̀ ni ó gbé wá síwájú ẹni tí ó rò pé ó lè gbà á sílẹ̀. Kí ni kí olùdámọ̀ràn náà ṣe?

Àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń jiyàn tipẹ́ lórí ohun tí ó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ nínú ìfẹ́ akọ sí akọ àti abo sí abo. Àríyànjiyàn náà kò ní tán lónìí. Ìbéèrè ti àwọn tí ń kọ́ olùdámọ̀ràn yàtọ̀ sí èyí. Báwo ni a ṣe lè kọ́ ẹni tí ó ní ìgbàgbọ́, kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ má baà di ohun tí yóò ṣe ẹni tí ó sá tọ̀ ọ́ wá léṣe, kí ẹ̀kọ́ náà má sì gba ìgbàgbọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ibi tí iṣẹ́ náà ti wá

Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ni ó tọ́ka sí ọdún 1959 gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdámọ̀ràn ti òde òní ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà. Ní ọdún náà, àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n ń darí St. Theresa's College ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ṣètò ìmọ̀ràn nípa iṣẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin 60 tí wọ́n wà ní kíláàsì àṣekágbá. Àwọn 54 nínú wọn ni wọ́n rí iṣẹ́ ṣe. Ní 1976 ni a dá CASSON, ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn Nàìjíríà, sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nígbà tí ó di 1977, ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ là á sílẹ̀ pé kí a yan àwọn olùdámọ̀ràn sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ irú iṣẹ́ tí ó wà níwájú wọn, àti nítorí ìdààmú ọkàn àti ìwà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun méjì ni ìtàn yìí fi hàn. Èkíní ni pé àwọn ẹlẹ́sìn ni wọ́n gbin iṣẹ́ náà sí ilẹ̀ wa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní onígbàgbọ́ kò lè ṣe olùdámọ̀ràn ti gbàgbé ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ oṣù ni a fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn ìmọ̀ràn sílẹ̀ kò lè yan ohun tí àwọn ènìyàn yóò gbé gba ibẹ̀ wọlé.

Ṣáájú àwọn sísítà náà pàápàá, Yorùbá ti ní ibi tí wọ́n ń gbé ẹ̀dùn ọkàn lọ. Ẹni tí ó bá lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ Ifá kì í ṣe ọ̀ranyàn fún un láti kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ń dùn ún fún babaláwo. Owó ni yóò sọ ọ́ sí wúyẹ́wúyẹ́, tí yóò sì gbé owó náà kalẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣeé sọ síta kí ọkàn tó balẹ̀, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún un. Pípa àṣírí mọ́, tí àwọn ìwé ìdámọ̀ràn fi ṣe òpó iṣẹ́ náà, kì í ṣe àjèjì sí wa.

Ohun tí ìmọ̀ sọ àti ohun tí ẹ̀sìn sọ

Èdè ni ìṣòro àkọ́kọ́. Àwọn orúkọ tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu ènìyàn fún ọkùnrin tí ó fẹ́ràn ọkùnrin, tàbí obìnrin tí ó fẹ́ràn obìnrin, orúkọ èébú ni púpọ̀ nínú wọn. Olùdámọ̀ràn tí ó bá fi orúkọ èébú pe ẹni tí ó wá bá a ti lé e jáde kí ó tó jókòó. Ohun tí ó yẹ ni kí ó sọ ọ́ bí ẹni náà ti sọ ọ́: ọkàn rẹ̀ ń fà sí irú ara rẹ̀.

Ní ti ìmọ̀ ìṣègùn, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà yọ irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ìwé àkójọ àìsàn ọpọlọ ní 1973. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà yọ ọ́ kúrò nínú ti wọn ní 1990. Ní 2009, ìgbìmọ̀ kan tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ yẹ àwọn ìwádìí wò lórí bóyá ìtọ́jú lè yí irú ìfẹ́ ọkàn yìí padà. Èsì tí wọ́n mú wá ni pé kò dájú pé ó lè yí i padà, àti pé ó lè ṣe àwọn mìíràn ní jàǹbá, bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti èrò láti pa ara ẹni. Nítorí náà, olùdámọ̀ràn tí ó bá ṣèlérí fún ọmọ kan pé òun yóò yí i padà ń ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ẹ̀sìn, ọ̀pọ̀ ìjọ Kristẹni ní Nàìjíríà àti àwọn Mùsùlùmí kò fi ọwọ́ sí ìbálòpọ̀ akọ sí akọ tàbí abo sí abo. Kò yẹ kí olùkọ́ kankan fi èyí pamọ́ tàbí kí ó fi ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn wà nínú àwọn ẹ̀sìn kan náà. Ìwé Katikísìmù ìjọ Kátólíìkì tí ó jáde ní 1992, bí ó tilẹ̀ ka ìṣe náà sí ẹ̀ṣẹ̀, pàṣẹ pé kí a fi ọ̀wọ̀ àti àánú gba àwọn ènìyàn wọ̀nyí, kí a má sì yà wọ́n sọ́tọ̀ láìtọ́. Nínú Àlùkùránì, ẹsẹ kejìlá orí kọkàndínláàádọ́ta kọ̀ fún onígbàgbọ́ láti máa tọpinpin ọmọnìkejì rẹ̀ tàbí láti máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Olùdámọ̀ràn tí ó bá tú àṣírí ọmọ yìí ní orúkọ ẹ̀sìn ti rú òfin kan nínú ẹ̀sìn nítorí òmíràn.

Ohun tí òfin ilẹ̀ wí

Òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ fún Nàìjíríà ní 1916, èyí tí wọ́n wo ti Queensland ní Ọsirélíà kọ, ka ìbálòpọ̀ ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 nínú. Ní oṣù kìíní 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fi ọwọ́ sí òfin tí ó de ìgbéyàwó láàárín akọ àti akọ tàbí abo àti abo. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni òfin náà là sílẹ̀ fún irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ó sì la ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sílẹ̀ fún dídá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, fún ṣíṣe àtìlẹ́yìn fún irú ẹgbẹ́ tàbí ìpàdé bẹ́ẹ̀, àti fún fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń rò pé òfin yìí ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìdámọ̀ràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ibì kan nínú òfin 2014 tí ó sọ pé ìfẹ́ inú ọkàn nìkan jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kò sì sí ibi tí ó ti pa á láṣẹ fún olùdámọ̀ràn láti lọ fi ẹni tí ó finú hàn án sùn. Ohun tí òfin náà ṣe ni pé ó sọ àṣírí di ohun tí ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí bá jáde láti yàrá ìdámọ̀ràn, ó lè dé ilé, ó lè dé ọjà, ó sì lè dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹnu olùdámọ̀ràn ni odi tí ó wà láàárín.

Nítorí èyí, nígbà tí a bá ní kí olùdámọ̀ràn gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ tọwọ́tẹsẹ̀, a kò ní kí ó gbé àsíá, a kò sì ní kí ó kéde ìgbàgbọ́ tuntun. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ó ka ẹni náà sí ènìyàn pípé, tí ayé rẹ̀ níye lórí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ ní gbígbọ́ dé òpin.

Ẹjọ́ méjì láti Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, àríyànjiyàn lórí ẹ̀kọ́ yìí ti dé ilé-ẹjọ́, ó sì dára kí àwọn olùkọ́ mọ bí ó ti lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ìwé tí a ń lò ti wá.

Jennifer Keeton ń kọ́ iṣẹ́ ìdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́ ní Augusta State University, ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ó jẹ́ kí ó hàn pé bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá sọ́dọ̀ òun, òun yóò sọ fún un pé ìwà rẹ̀ kò dára, òun yóò sì gbìyànjú láti yí i padà. Ní 2010, àwọn olùkọ́ rẹ̀ là á sílẹ̀ fún un pé ó ní láti lọ sí àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, kí ó ka àwọn ìwé kan, kí ó sì kọ ohun tí ó rí kọ́, kí ó tó lè tẹ̀ síwájú. Ó pe ẹjọ́. Ní oṣù kejìlá 2011, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá yunifásítì láre. Àlàyé wọn ni pé ó lè gba ohun tí ó bá wù ú gbọ́, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ lè béèrè pé kí ó tẹ̀ lé ìlànà iṣẹ́ tí ó wá kọ́.

Julea Ward ni èkejì, ní Eastern Michigan University. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2009, wọ́n fún un ní fáìlì ẹnì kan tí ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí ó sì ti wá gba ìmọ̀ràn tẹ́lẹ̀ lórí ìfẹ́ òun àti irú ara rẹ̀. Kí ó tó rí ẹni náà, Ward béèrè lọ́wọ́ alábòójútó rẹ̀ bóyá kí wọ́n fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Wọ́n fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lé Ward kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá yunifásítì láre ní 2010. Ní oṣù kìíní 2012, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà, wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ adájọ́ ará ìlú gbọ́ ẹjọ́ náà, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ jẹ ẹ́ níyà. Ní ìparí ọdún náà, wọ́n fi $75,000 parí ọ̀rọ̀, yunifásítì kò sì yí ìlànà rẹ̀ padà.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ṣe pàtàkì. Keeton fẹ́ gbé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ka ẹlòmíràn lórí. Ward fẹ́ yẹra fún iṣẹ́ tí ó rò pé ọkàn òun kò ní jẹ́ kí òun ṣe dáadáa. Àwọn adájọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rí ìyàtọ̀ yìí. Síbẹ̀, ní 2014, ẹgbẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé olùdámọ̀ràn kò gbọdọ̀ torí ìgbàgbọ́ ara rẹ̀ nìkan fa ènìyàn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní 2016, ìpínlẹ̀ Tennessee ṣe òfin tí ó fún olùdámọ̀ràn ní àyè láti ṣe ohun tí ìlànà náà kọ̀; ẹgbẹ́ náà sì gbé àpérò wọn ti 2017 kúrò ní Nashville lọ sí San Francisco. Ìjà náà kò tíì parí níbẹ̀.

Ìdí tí ọ̀nà yẹn kò fi tó ní Òjòwò

Bí a bá gbé ẹjọ́ Ward wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ohun kan yóò hàn tí kò hàn ní Michigan. Níbẹ̀, olùdámọ̀ràn mìíràn wà nínú ilé kan náà, ẹni tí ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá jẹ́ pé olùdámọ̀ràn kan ṣoṣo ni ó ní, ta ni yóò fà á lé lọ́wọ́? Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni? Pásítọ̀ ni? Lémọ́ọ̀mù ni? Àwọn òbí rẹ̀ ni? Ẹnikẹ́ni tí ó bá rán an sí yóò béèrè ìdí tí wọ́n fi rán an. Ní ìlú tí Òjòwò, Òkè-Àgbò, Òkè-Ṣópẹ̀n, Àtìkòrí àti Jápárá ti so kọ́ra, tí ará ilé kan mọ ará ilé kejì, fífà tí a bá fa ọmọ yìí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lè jẹ́ títú àṣírí rẹ̀ lórúkọ mìíràn.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi ìpinnu náà sílẹ̀ di ọjọ́ tí ọmọ yóò kan ilẹ̀kùn. Yàrá ẹ̀kọ́ ni ó ti yẹ kí olùdámọ̀ràn pinnu ohun tí yóò ṣe. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá yẹ ara rẹ̀ wò, tí ó sì rí i pé òun kò lè jókòó ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ láìṣe é léṣe, ó sàn kí ó mọ̀ ọ́n nígbà tí olùkọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ju ìgbà tí ó bá ku òun àti ọmọ náà nìkan lọ.

Bí a ṣe lè kọ́ ọ

Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí yóò bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ bàtà náà nù, kò sì sọ pé bàtà kò dára. Ó mọ̀ pé ibi tí òun ń wọ̀ kì í ṣe ibi tí a ń tẹ bàtà mọ́lẹ̀. Bí ó bá jáde, yóò tún wọ̀ ọ́ lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìgbàgbọ́ olùdámọ̀ràn. A kò ní kí ó sọ ọ́ nù. A ní kí ó má fi tẹ ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò lè kọ́ ènìyàn ní èyí. Kí olùkọ́ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì-méjì, kí ọ̀kan ṣe ẹni tí ó wá gba ìmọ̀ràn, kí èkejì gbọ́ ọ. Kí wọ́n wo ojú rẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ohun tí kò retí: ṣé ó fà sẹ́yìn? Ṣé ó yára fa ẹsẹ ìwé mímọ́ yọ? Ṣé ó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ohun tí ó fẹ́ mọ̀ fún ara rẹ̀, tí kò ran ẹni náà lọ́wọ́? Àṣìṣe tí a bá ṣe ní yàrá ẹ̀kọ́ kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Kí wọ́n kọ́ ọ pẹ̀lú pé pípa àṣírí mọ́ ní ààlà. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, olùdámọ̀ràn gbọ́dọ̀ wá ìrànlọ́wọ́ lọ́dọ̀ ẹni tí ó lè dáàbò bo ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ewu ni yóò sọ. Kò di dandan kí ó sọ ohun tí ó fa ewu náà. Ó lè sọ fún dókítà tàbí òbí pé ọmọ yìí ń ronú àtikú, kí wọ́n má fi òun nìkan sílẹ̀, láìsọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà fi sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ náà kan àwọn olùkọ́ yunifásítì bákan náà. Ìjẹ̀bú-Igbó ní ìtàn kan lórí èyí. Ní 1952, Tai Solarin di ọ̀gá Molusi College. Kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ di ibi ìwàásù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yìí wà lára ohun tí ó mú un kúrò níbẹ̀, tí òun àti aya rẹ̀ Sheila fi dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù kìíní 1956. Lónìí, yunifásítì ẹ̀kọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ń kọ́ ọmọ onígbàgbọ́ àti ọmọ Mùsùlùmí pọ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀sìn náà ní ẹ̀rí-ọkàn, ó sì lè fi ti ẹ̀ ni ẹlòmíràn lára. Olùkọ́ tí ó bá fi ìgbàgbọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín, tí ó sì ń retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ náà má fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín, ń kọ́ ọ ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò ṣe.

Kí a má sì gbàgbé pé ẹni tí ó wá gba ìmọ̀ràn lè jẹ́ ẹlẹ́sìn ju olùdámọ̀ràn lọ. Ọmọkùnrin Òjòwò yẹn ti gbààwẹ̀, ó ti gbàdúrà. Olùdámọ̀ràn tí ó bá sọ fún un pé kí ó pa ṣọ́ọ̀ṣì tì ti ṣe é léṣe bí ẹni tí ó lé e jáde níbẹ̀. Òun ni ó ni ìgbàgbọ́ rẹ̀, òun náà ni yóò sì pinnu bí òun yóò ti bá a gbé.

Nígbà náà, kí ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà yóò ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ náà? Yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà pé ó fọkàn tán òun. Yóò sọ ibi tí àṣírí dé àti ibi tí ààlà rẹ̀ wà. Yóò bi í léèrè ní tààrà bóyá ó ti ń ronú láti pa ara rẹ̀, nítorí pé èyí ni ó ṣáájú ohun gbogbo. Kò ní ṣèlérí láti yí i padà, kò sì ní sọ fún un bí yóò ti lo ayé rẹ̀. Yóò dá ọjọ́ tí wọn yóò tún ríra fún un, kí ọmọ náà lè ní ọjọ́ kan tí ó ń retí. Bí ó bá dé ilé ní alẹ́, kò sí ẹni tí ó ní kí ó má gbàdúrà. Kí ó gbàdúrà. Bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀la, kí ọmọ náà bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí.